Kí lẹ fi ń mọ bí òjìji ṣe dúdú tó kí ẹ tó yà á?

Bébà_Funfun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń yàwòrán, ohun tó wà lórí tábìlì ni mo sì sábà máa ń yà: ife, bọ́ọ̀lù, aṣọ tí mo kó jọ sílẹ̀, iná kan láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà kì í fún mi ní wàhálà. Bí mo bá fi ìlà nìkan ya ife, ife ni gbogbo èèyàn máa ń pè é. Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà nígbà tí mo bá fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sí i. Gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ eérú kan náà, ife á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo bá ní kí n mú òjìji dúdú sí i, ojú á wá kọ̀ ọ́, á dà bíi pé ibẹ̀ dọ̀tí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: bí ẹ bá wo ibì kan lára nǹkan, kí lẹ fi ń mọ̀ pé bí ó ṣe dúdú tó nìyí? Ṣé ojú nìkan ni, àbí ohun èlò kan wà? Ẹnì kan ní kí n ya fọ́tò nǹkan náà, kí n yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí n máa wò ó yà. Ẹlòmíràn ní kí n má dán an wò láéláé. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?

OjúLọ̀rọ̀Wà

Ẹ káàbọ̀. Ẹ pa ojú dé díẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ pa á dé tán o. Ẹ jẹ́ kí ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ súnmọ́ ara wọn títí ẹ ó fi máa rí nǹkan bàìbàì. Àwọn nǹkan kéékèèké á parẹ́: etí ife, ìṣẹ́po aṣọ, ọnà tí wọ́n ṣe sára rẹ̀. Ohun tó máa kù kò ní ju apá ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: eléyìí dúdú, eléyìí mọ́lẹ̀, eléyìí wà láàárín. Àwọn apá ńlá wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Bí ẹ̀gbẹ́ ife tó ṣókùnkùn bá dà pọ̀ mọ́ òjìji tó jù sórí tábìlì nígbà tí ẹ pa ojú dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ lórí bébà náà. Ẹ má fi ìlà là wọ́n láàárín.

Nǹkan tí ẹ ń yà ni kí ẹ pa ojú dé wò. Ẹ la ojú sílẹ̀ dáadáa tí ẹ bá ń wo bébà yín.

Èédú_Lọ́wọ́

Mo fara mọ́ ọn pé kí èèyàn pa ojú dé, ṣùgbọ́n mo máa ń pa á dé wo bébà pẹ̀lú nígbà tí mo bá fẹ́ fi méjèèjì wé ara wọn. Ojú tí a fi wo ti ọ̀hún ló yẹ kí a fi wo ti ìhín.

Àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó. Ó máa sọ fún ọ pé eléyìí dúdú ju tọ̀hún lọ, kò ní sọ bí àlàfo àárín wọn ṣe tóbi tó. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo máa ń wá ibi tó dúdú jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà níwájú mi, ibì kan ṣoṣo, màá sì fi gbogbo agbára èédú mi tẹ ibẹ̀ lórí bébà. Lẹ́yìn náà ni màá wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ, ìyẹn ni màá fi sílẹ̀ ní funfun bébà láìfọwọ́ kàn án. Òpin méjì ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín wọn. Ìbéèrè tí wàá máa bi ara rẹ lẹ́yìn ìyẹn ni pé: ṣé ibí yìí súnmọ́ òpin dúdú ni, àbí ó súnmọ́ ti funfun? Ojú lè dáhùn ìyẹn. Bí o bá kàn bi í pé "báwo ló ṣe dúdú tó", kò ní rí nǹkan kan dì mú.

Wo bí tìrẹ ṣe ń rí. O bẹ̀rẹ̀ lórí bébà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Àmì pẹ́ńsùlù èyíkéyìí tí o bá kọ́kọ́ fi síbẹ̀ á dúdú lójú rẹ, torí funfun ló yí i ká. Ọwọ́ rẹ á dúró, o ó rò pé ó ti tó. Ohun tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di eérú nìyẹn. Bí dúdú kan tó lágbára bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ á ní ohun tó máa fi díwọ̀n.

ÀgbàAyàwòrán

Èédú_Lọ́wọ́ ti fọwọ́ ba ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, torí bí èèyàn bá mọ ìdí rẹ̀, kò ní máa bá ojú ara rẹ̀ jà.

Ojú kì í wọn ìmọ́lẹ̀. Ńṣe ló ń fi ibì kan wé ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọpọlọ á sì yọ òjìji kúrò nínú ìṣirò, kí ó lè sọ irú nǹkan tí a ń wò fún wa. Ìwúlò ìyẹn pọ̀ fún ìgbé ayé wa: òun ló jẹ́ kí a mọ̀ pé bébà funfun ṣì funfun bí ó tilẹ̀ wà lábẹ́ òjìji. Ṣùgbọ́n ayàwòrán kò nílò irú nǹkan tó jẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá bá ojú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ló nílò.

Lọ́dún 1995, Edward Adelson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe àwòrán pátákó kan tí igun mẹ́rin dúdú àti funfun tẹ̀ léra lórí rẹ̀. Òpó kúkúrú kan dúró sórí pátákó náà, òjìji òpó yìí sì jù sórí apá kan rẹ̀. Ó kọ A sára igun mẹ́rin dúdú kan tó wà nínú ìmọ́lẹ̀, ó kọ B sára funfun kan tó wà nínú òjìji. Kò sí bí o ṣe máa wò ó tí A kò ní dúdú ju B lọ lójú rẹ. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú kan náà gan-an ni méjèèjì. Bo gbogbo ìyókù, kí o ṣẹ́ A àti B nìkan kù, wàá rí i kedere. Ṣí i padà, wọ́n á tún yàtọ̀ síra. Pé o ti mọ̀ kò yí nǹkan kan padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun èlò ṣe pàtàkì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú tí kò mú. Ojú tó mú jù lọ náà ń rí A àti B bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú Adelson. Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins ní Paris. Ẹ̀sùn kan wá sí iwájú rẹ̀ pé dúdú tí wọ́n ń rẹ níbẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù kankan lára aró náà. Àwọ̀ òwú tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí dúdú náà ṣì lójú. Lọ́dún 1839 ló tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn àwọ̀ tó fara kan ara ṣe ń yí ara wọn padà lójú wa.

Nítorí náà, àbúrò, tí òjìji rẹ kò bá dúdú tó lójú rẹ, kọ́kọ́ wo ohun tó yí i ká. Ó lè jẹ́ pé ibi ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pẹ́ńsùlù ti pọ̀ jù.

Ohun èlò tó rọrùn jù lọ: mú bébà líle aláwọ̀ eérú, lu ihò kéékèèké méjì sí i, kí wọ́n má jìnnà síra. Pa ojú kan dé. Gbé bébà náà sókè síwájú ojú kejì, kí o máa sún un mọ́ ara rẹ tàbí sún un jìnnà títí ihò kan á fi bọ́ sórí apá kan nǹkan náà, tí èkejì á bọ́ sórí apá mìíràn. Ọpọlọ kò ní mọ̀ pé ife ló ń wò mọ́. Ohun tó máa rí kò ju àmì eérú méjì lọ. Èwo ló dúdú jù?

Bébà_Funfun

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti lu ihò náà. Ohun tí mo rí kọjá òye mi: ẹ̀gbẹ́ ife funfun tó wà nínú òjìji dúdú ju ibi tí iná ti bà lára aṣọ eérú tí ife náà jókòó lé. Ife funfun ni o! Ṣé kí n yà á bẹ́ẹ̀?

Èédú_Lọ́wọ́

Yà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Orúkọ "funfun" tí o pe ife yẹn lọ́kàn ara rẹ ni kò jẹ́ kí o fi pẹ́ńsùlù kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Bí iná bá lágbára tó, bébà funfun tó wà lábẹ́ òjìji lè ṣókùnkùn ju aṣọ dúdú tí iná ń bà lọ.

Fèrèsé_Àríwá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́tò, torí mò ń lò ó, n kò sì rò pé ó yẹ kí a máa fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Fọ́tò tí a yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀ máa ń yanjú iyèméjì kíá, pàápàá tí nǹkan tí à ń yà bá ní àwọ̀ púpọ̀. Àṣìlò rẹ̀ ló wọ́pọ̀. Kámẹ́rà fóònù ló ń fúnra rẹ̀ pinnu ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó máa gbà wọlé. Tẹ ibi dúdú lójú fóònù, gbogbo àwòrán á mọ́lẹ̀ sí i. Tẹ ibi funfun, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ife kò kúrò níbi tó wà. Èwo wá ni òótọ́ nínú méjèèjì? Àwọn fóònù mìíràn tún máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji láìjẹ́ pé o sọ fún wọn. Ẹni tó bá ń da irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ, ìpinnu fóònù ló ń yà.

Bí mo ṣe ń lò ó: nígbà tí iṣẹ́ bá ti dé ìdajì, màá gbé bébà mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà, lábẹ́ iná kan náà, màá ya àwọn méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan ṣoṣo, màá yọ àwọ̀ kúrò, màá sì sọ ọ́ di kékeré lójú fóònù. Ìpinnu yòówù kí kámẹ́rà ṣe, méjèèjì ló ṣe é fún. Ibi tí mo ti ṣì í á yọ síta lójú ẹsẹ̀.

ÀgbàAyàwòrán

Ọgbọ́n tó dára gan-an nìyẹn, Fèrèsé_Àríwá, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ fún àyẹ̀wò. Síbẹ̀, n kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdí rẹ̀ sì ju ọ̀rọ̀ kámẹ́rà lọ.

Bébà wa kò lè ní gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ayé. Bébà tó funfun dáadáa máa ń dá nǹkan bíi 80 sí 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà. Pẹ́ńsùlù tó dúdú jù lọ náà ṣì ń dá díẹ̀ padà. Ìyẹn ni pé funfun wa kò lè ju dúdú wa lọ ní ìlọ́po tó pọ̀. Bí a bá sapá gan-an, ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí oòrùn ń gba fèrèsé wọ̀, ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ lè ju ibi tó ṣókùnkùn jù lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹni tó lè kó ìyẹn sórí bébà bó ṣe rí. A gbọ́dọ̀ fún un pọ̀. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sọnù ni bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra àti bí àlàfo kan ṣe tóbi ju òmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gbóná lójú òǹwòran gbọ́dọ̀ gbà kí ọ̀pọ̀ nǹkan inú yàrá rì sínú òkùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tó wà nínú òkùnkùn han òǹwòran gbọ́dọ̀ gbà kí fèrèsé kàn di funfun gbalaja. Ìpinnu yìí gan-an ni iṣẹ́ wa. Kámẹ́rà máa ń ṣe é kí o tó mọ̀ pé ìpinnu kan wà láti ṣe.

Nígbà tí òye èyí bá yé èèyàn, ó tún lè ṣe ju dídà kọ lọ. Seurat, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi kíréyọ̀nù dúdú ya ọ̀pọ̀ àwòrán lórí bébà tí ojú rẹ̀ ṣe ṣágiṣàgi. Wo ibi tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn tó yà: níbi tí ara wọn ti mọ́lẹ̀, ó mú ibi tó wà lẹ́yìn wọn ṣókùnkùn sí i, níbi tí ara wọn ti ṣókùnkùn, ó jẹ́ kí ibi tó wà lẹ́yìn wọn mọ́lẹ̀. Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ògiri gidi. Bí ojú ṣe ń fi nǹkan wé ara wọn ló lò fún àǹfààní ara rẹ̀.

OjúLọ̀rọ̀Wà

Ohun kan wà tó máa ń mú kí nǹkan róbótó tẹ́ pẹrẹsẹ tí a kò tíì mẹ́nu kàn: ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti orí tábìlì sínú òjìji bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ibẹ̀, òkùnkùn tó yí i ká á jẹ́ kó máa tàn lójú yín, ẹ ó sì ń fi ẹ̀résà mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá apá tí iná ń bà dọ́gba. Bọ́ọ̀lù ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú òjìji ló wà, ará òjìji ni. Lára nǹkan tó ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú òjìji ṣì gbọ́dọ̀ dúdú ju ibi tó dúdú jù nínú ìmọ́lẹ̀ lọ. Díńgí tàbí irin dídán tó wà nítòsí lè yí èyí padà, àmọ́ fún bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, ẹ dì í mú ṣinṣin.

Ẹ má sì tẹjú mọ́ inú òjìji pẹ́. Bí ojú bá pẹ́ níbẹ̀, ó ń mọ́ ọn lára, ó ń ṣí sí i, òjìji náà á sì máa mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ojú máa rìn láti ibi mímọ́lẹ̀ sí òkùnkùn, kó tún padà, láìdúró.

Bébà_Funfun

Mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ ohun èlò wá kù. HB ni gbogbo pẹ́ńsùlù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi fún ibi tó dúdú jù lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ, ibẹ̀ ń dán, ó sì tún dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ bí mo bá yí bébà sí iná.

Èédú_Lọ́wọ́

HB kò lè dé ibi tí ò ń rán an, má fi ipá tẹ̀ ẹ́ mọ́. Láti ìgbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Conté ti rí ọ̀nà àtipo lẹ́ẹ̀dì mọ́ amọ̀ kí ó sun ún nínú iná ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1795, bí amọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ ló ń pinnu bí pẹ́ńsùlù ṣe le tó. Amọ̀ púpọ̀, pẹ́ńsùlù le, àmì rẹ̀ ṣì: ìyẹn ni àwọn H. Amọ̀ díẹ̀, ó rọ̀, ó dúdú: ìyẹn ni àwọn B. 2H, HB, 2B àti 6B tó fún ọ láti bẹ̀rẹ̀. Dídán tí o rí yẹn, lẹ́ẹ̀dì tí o tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi jọ̀lọ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ á wá máa ta padà lára rẹ̀. Lo 6B pẹ̀lú ọwọ́ fúyẹ́, ìpele lórí ìpele, kí o jẹ́ kí ìlà kan gba orí èkejì kọjá. Tí o bá tún fẹ́ dúdú ju ìyẹn lọ, bọ́ sí èédú, kì í dán.

Má fi ìka nù ún. Ìka máa ń gbé dúdú lọ sínú ìmọ́lẹ̀, á gbé ìmọ́lẹ̀ wá sínú dúdú, gbogbo wàhálà tí o ṣe láti yà wọ́n sọ́tọ̀ á sì dòfo.

ÀgbàAyàwòrán

Kí o tó tún ya ife mìíràn, ṣe ọ̀pá ìwọ̀n kan fún ara rẹ. Gé bébà tóóró, pín in sí àpótí mẹ́sàn-án. Àkọ́kọ́ ni funfun bébà, ìkẹsàn-án ni dúdú tó dúdú jù lọ tí 6B lè ṣe. Má tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀. Ya ìkarùn-ún tẹ̀ lé àwọn méjì yẹn, kí ojú rẹ rí i pé àárín gbùngbùn ló wà láàárín òpin méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ìkẹta àti ìkeje, kí o tó wá kún ìyókù. Ìkarùn-ún ni àwọn tí mo ń kọ́ sábà máa ń jẹ́ kó mọ́lẹ̀ jù. Eérú tí ojú ń gbà sí àárín dúdú àti funfun kì í dá ju nǹkan bíi 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, torí náà ó máa dúdú ju bí o ṣe rò lọ. Munsell, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, náà fi 0 ṣe dúdú, ó fi 10 ṣe funfun nínú ètò àwọ̀ tó gbé jáde lọ́dún 1905, ó sì ṣètò àwọn ìpele náà kí àlàfo wọn lè dọ́gba lójú èèyàn, kì í ṣe lójú ẹ̀rọ.

Bí o bá parí rẹ̀, lu ihò kan sí àárín àpótí kọ̀ọ̀kan.

Aláwọ̀_Púpọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń tẹ̀ lé yín láti òkè wá. Báwo ni ti nǹkan aláwọ̀? Aṣọ pupa kan wà níwájú mi, aṣọ búlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fi fóònù yọ àwọ̀ wọn kúrò, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lójú mi, pupa ló mọ́lẹ̀ jù níyàtọ̀.

ÀgbàAyàwòrán

Àwọ̀ tó bá pọ́n rokoso máa ń dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Agbára àwọ̀ náà ni ojú ń kà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Àkókò tí ẹ ń wò ó náà tún ní ohun tó ń ṣe: bí ilẹ̀ bá ń ṣú, pupa máa ń ṣókùnkùn kíá, búlúù sì máa ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ́sàn-án, torí apá ojú tí a fi ń ríran nínú òkùnkùn kò fi bẹ́ẹ̀ rí pupa. Purkinje, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Czech, ló ti ṣàkíyèsí èyí ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, iná kan náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni kí ẹ fi parí.

Ọ̀pá ìwọ̀n tí mo ní kí Bébà_Funfun ṣe ló máa ṣe é fún ẹ̀yin náà. Ẹ gbé e lé orí aṣọ pupa náà gan-an, kí iná tó ń ba aṣọ lè ba ọ̀pá pẹ̀lú. Ẹ pa ojú dé títí pupa yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú. Ẹ wá wo aṣọ tó ń yọ nínú ihò àpótí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nínú àwọn kan, ihò á yọ dúdú. Nínú àwọn kan, á yọ funfun. Àpótí tí ihò rẹ̀ bá ti parẹ́ mọ́ ọn lára, tí ẹ kò rí ààlà kankan mọ́, ìpele aṣọ pupa nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí etí bébà yín, kí ẹ tó ṣí lọ sórí búlúù.